Ọjọ́ Mẹ́tàlá Tí Gajpal Fi Wà Níbi Méjì

Iwájú géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì Simalkhet ni mo ti ń ta tíì, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Bishambari lorúkọ mi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè mi lórí òkè yìí, wọ́n á ní obìnrin yẹn, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Ó mú, mi ò jiyàn. Tí ọmọ kan bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi lásìkò kíláàsì, tó ní ẹ̀fọ́rí ló ń ṣe òun, màá ní kó dìde kíákíá kó lọ gbé ẹ̀fọ́rí ẹ̀ síwájú tíṣà. Ohun tí ojú mi rí lẹ́nu géètì yẹn kọjá kí èèyàn máa fi kíláàsì ṣeré.

Ọ̀rọ̀ Gajpal Bartwal ni mo fẹ́ sọ. Ilé ìwé girama ìjọba tó wà nísàlẹ̀, létí odò, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lu aago, òun ló ń pọn omi fáwọn tíṣà, òun ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà tí ìjọba kéde pé òṣìṣẹ́ bíi tiẹ̀ tó bá gboyè kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó pé ọdún márùndínláàádọ́ta lè di akọ̀wé. Akọ̀wé ńkọ́! Ẹni tó ní tábìlì tiẹ̀, tí ẹlòmíràn ń pọn omi fún. Bó ṣe gbọ́ báyìí, ó ní òun náà á kàwé.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí, wọn ò kàn ní gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé níbo ló wà láti ìgbà tó ti jáde girama, wọ́n á sì ní kó lọ búra sí i ní kóòtù. Mo wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, tíì ni mo gbé lọ fún akọ̀wé wọn.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ogún ọdún ti kọjá. Níbo lẹ wà?"

"Mo wà níbí náà, sà."

"Níbí wo? Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń lu aago, sà."

"Fún ogún ọdún?"

"Ọmọ ń wọlé, ọmọ ń jáde, sà. Aago ò lè lu ara ẹ̀."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó wọkọ̀ lọ sí kóòtù, ó lọ búra pé òun ò ṣẹ̀wọ̀n, òun ò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, aago ni òun ń lù. Ó wé ìwé náà sínú ọ̀rá bí ẹni wé wúrà. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀.

Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò ṣòroó mọ̀, ó wà lára pátákó níta fún ẹni tó lójú. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gboyè. Tí o bá fà á títí tó fi kọjá ọdún mẹ́fà, wọ́n á pa orúkọ rẹ rẹ́. Lọ́dọọdún, tí o kò bá wá sí kíláàsì tó ọjọ́ márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, o ò ní fẹsẹ̀ kan yàrá ìdánwò. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá kú nìkan ni wọ́n máa ń fojú fo ọjọ́ mẹ́tàlá fún, kó ṣáà ti mú lẹ́tà àti ìwé ikú wá.

Gajpal ti pàdánù ọdún mẹ́ta. Ọdún kan, òkè ya lulẹ̀ dí ọ̀nà láàárọ̀ ìdánwò. Ọdún kan, ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó jókòó tì í ní ọsibítù títí obìnrin náà fi kú, nígbà tó padà dé orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ṣèdánwò. Ọdún kẹta, Gẹ̀ẹ́sì fi í gbálẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ọdún kẹfà ló wà, kò sí òmíràn mọ́. Bó bá bọ́, ó bọ́ náà nìyẹn.

Ó ti gba iṣẹ́ ọdẹ òru nílé ìwé rẹ̀ kó lè ráyè kíláàsì láàárọ̀. Ẹ wò ó tó bá ń bọ̀, ojú pọ́n kanlẹ̀, ó ń wúkọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọn ò ju ogún ọdún lọ ń pè é ní Dádì. "Dádì, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ilé? Dádì, ẹ jẹ́ ká wò ó, ẹ̀yin náà ẹ máa jókòó gbádùn!" Èyí tó fẹ́ràn ẹ̀ jù nínú wọn ni Nitin Dobhal, ọmọ tó ń sín gbogbo ayé jẹ. Á sín ọ̀gá wọn jẹ, á sín awakọ̀ jẹ, ó sín èmi gan-an jẹ lójú mi, ó sì jọ ọ́, mo bá fún un ní tíì ọ̀fẹ́. Sójà ni bàbá ẹ̀, ó ti kú, òun nìkan ni ìyá ẹ̀ bí.

Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ni Thapliyal. Òun ló ń pe orúkọ láàárọ̀. Orúkọ kọ́ gan-an, nọ́ńbà ni. Ojú bàbá náà ò ríran dáadáa mọ́, kì í gbórí sókè nínú rẹ́jísítà. Á pe "mẹ́tàdínláàádọ́ta!", Gajpal á ní "Mo wà ńbí, sà," á wá wúkọ́. Etí ni Thapliyal fi ń rí wọn.

Lóṣù kìíní, nígbà tí yìnyín bo òkè, bàbá Gajpal kú.

Níbí, iná la fi ń sun òkú, ọmọkùnrin tó bá dáná sí òkú bàbá rẹ̀, wọ́n á fá orí ẹ̀ kodoro, aṣọ funfun kan ṣoṣo lá wà lọ́rùn ẹ̀, igun ilé lá sì jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lá jẹun. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá dìde jáde sígboro kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ̀mí bàbá ọ̀hún á máa rìn kiri ni, kò ní ríbi gbà. Gajpal nìkan ni ọmọkùnrin tí bàbá náà bí. Ó jókòó. Ilé wọn wà lókè réré, yìnyín pọ̀ lọ́nà, àwọn ẹbí kì í lè dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun àti ìyá ẹ̀ nìkan ló wà nínú ilé yẹn.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó sọ̀kalẹ̀ wá, orí ẹ̀ ń dán. Ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi lẹ́tà àti ìwé ikú sílẹ̀, akọ̀wé fi òǹtẹ̀ lù ú, ó kọ nọ́ńbà sí i lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wọ kíláàsì. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde wá bá mi, ó di igi àtíbàbà mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kú."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló dé? Jókòó, jókòó ná."

"Àwọn ọmọ yẹn ti bá mi dáhùn."

"Dáhùn kí ni?"

"Nọ́ńbà mi. Nitin ló ń dáhùn, tòun ti ikọ́ mi. Odindi ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ṣe kíláàsì. Wọ́n ń fò mọ́ mi, wọ́n ní, Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò pàdánù ọjọ́ kankan!"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó yé mi. Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì tí Gajpal fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, pé òun ò kúrò nílé. Ìwé mìíràn wà lọ́wọ́ Thapliyal, pé ó wà ní kíláàsì. Ká ní àwọn ọmọ yẹn panu wọn dé ni, òfin fúnra rẹ̀ ìbá fojú fo ọjọ́ náà, kò ní sí wàhálà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ gbà mí! Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lára pátákó ni pé ẹni tí wọ́n bá dáhùn fún àti ẹni tó dáhùn, àwọn méjèèjì ò ní ṣèdánwò fún ọdún mẹ́ta.

"Dìde," mo ní, "lọ gba lẹ́tà yẹn padà kíá!"

A jọ lọ ni. Akọ̀wé wo wá bí ẹni wo olè. "Ẹ gba kí ni padà? Nọ́ńbà ti wà lára ẹ̀. Ohun tó bá ti wọnú ìwé ńlá kì í jáde mọ́."

"Àṣìṣe ni, sà," Gajpal ní.

"Àṣìṣe? Ṣé bàbá yín ò kú ni?"

Mo fa apá Gajpal, a jáde.

Ó wá di ká máa dúró de ìparí oṣù kejì, nígbà tí wọ́n máa ń gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ka ọjọ́ kálukú. Ẹ ò mọ irú ìdúró yẹn. Tí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì bá dún, tíì á dà sí Gajpal lẹ́sẹ̀. Tí ońṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá gba iwájú wa kọjá, a ó máa wo ọwọ́ ẹ̀ bóyá ìwé wà ńbẹ̀. Ó rù, kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn lọ. Èmi tí mi ò forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan rí, ẹ̀rù ọ́fíìsì wọn ń bà mí, mo máa ń sọ iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà.

Nitin wá bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ẹ̀ ti wú. "Dádì, ẹ jẹ́ n lọ jẹ́wọ́. Èmi ni mo fà á."

"Tí o bá jẹ́wọ́, ṣé wọ́n á fi mí sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀. Àwa méjèèjì la máa lọ. Ìyá ẹ ńkọ́? Ta ni ìyá ẹ ní?" Ó gbá a létí díẹ̀, ó sì fà á mọ́ra. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, pa ẹnu ẹ mọ́."

Ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹ̀rù ńlá fún mi. Mo rí i pé bó bá dójú ẹ̀, Gajpal ò ní dárúkọ ọmọ yẹn láé.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta wọ́n pè é. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa nígbà náà ni Mádáàmù Kukreti, obìnrin tí kì í pariwo. Ẹni tó ń pariwo sàn, èèyàn á mọ ibi tó dúró. Wọ́n ní kí n gbé tíì mẹ́ta wá, mo gbé e lọ fúnra mi, mo gbé e kalẹ̀, mo wá ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó lé mi.

"Ìwé méjì ló wà níwájú mi," Mádáàmù ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ èyí: láti ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní, ẹ ò jáde nílé, òkú bàbá yín lẹ jókòó fún. Èyí ni rẹ́jísítà Tíṣà Thapliyal: ọjọ́ mẹ́wàá nínú ẹ̀, ẹ wà ní kíláàsì. Àbí èèyàn méjì ni yín?"

Thapliyal tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gajpal ló fò dìde. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí bàbá náà fẹ̀yìn tì.

"Ó wà níbẹ̀, Mádáàmù! Aṣọ funfun ló wọ̀, ẹ̀yìn ló jókòó sí. Mo rí i."

"Ẹ rí i?"

"Pẹ̀lú ojú mi méjèèjì."

Ojú wo! Ojú tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló fi rí ewúrẹ́ mi, tó kí i pé ẹ káàárọ̀ mà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ péré ló kù fún un, àánú ẹ̀ ṣe mí.

"Ọ̀gbẹ́ni Bartwal," Mádáàmù ní, jẹ́jẹ́ báyìí, "tó bá jẹ́ rẹ́jísítà ló parọ́, ẹnì kan ló bá yín dáhùn, mo sì máa gba orúkọ ẹni náà lẹ́nu yín. Ọdún mẹ́ta fún ẹ̀yin àtòun. Tó bá jẹ́ lẹ́tà yín ló parọ́, ẹ kọ ọ́ síbí pé ẹ wá sí kíláàsì, pé ẹ ò parí ìjókòó náà. Ẹ fọwọ́ sí i. A óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó bí òfin ṣe wí, ẹ óò sì ṣèdánwò yín. Èwo ló parọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná. Wọ́n ní kí ọmọ kan ṣoṣo fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun dìde nídìí ọ̀fọ̀ bàbá òun, òun jáde lọ jókòó sórí àga láàárín èrò. Tí kò bá sì kọ ọ́, òun, Nitin, àti bàbá afọ́jú yẹn, gbogbo wọn ti lọ.

Gajpal wò mí. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, èmi ló wò.

Mo mi orí sí i. Ìyẹn ni pé kó kọ ọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rò ó lọ́kàn mi pé òkú kì í ka pátákó.

Ó kọ ọ́. Ìlà méjì péré ni, ó pẹ́ lórí ẹ̀ ju ẹni tó ń kọ ìdánwò lọ. Nígbà tó gbé kálámù sílẹ̀, ètè ẹ̀ ti funfun. Mádáàmù kà á, ó wo ojú ẹ̀ títí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò tíì wọ̀ ọ́ létí. Ó ní kó máa lọ.

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti kárí òkè. Àwọn tó wá jẹ àsè ìparí ọ̀fọ̀ ní ilé wọn lọ́jọ́ kẹtàlá ní àwọn jẹ oúnjẹ ẹ̀tàn. Aṣọ́gbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ará abúlé wọn ni, ó máa ń tutọ́ sílẹ̀ tí Gajpal bá ń wọlé. "Akọ̀wé ń bọ̀ o! Ẹni tó fi bàbá ẹ̀ ra tábìlì!" Gajpal á tẹrí ba, á kọjá.

Èmi ò lè tẹrí ba ní tèmi. "Ìwọ tí bàbá ẹ kú, ṣé o tilẹ̀ lọ síbi òkú ẹ̀?" mo ní fún un. Ó panu mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó tún tutọ́.

Gajpal ò sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá ẹ̀. Ìyá tó rí i tó jókòó, tó gbé oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ síwájú ẹ̀ láì fọwọ́ kàn án!

"Ó ń bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń pè mí ní ohun tí mi ò jẹ́," ó ní fún mi. "Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀."

"O ò ṣe sọ fún un?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ìyá mi. Tó bá mọ̀ pé ìwé kan wà lára pátákó, á wá dúró nídìí ẹ̀, á máa pariwo pé irọ́ ni. Mádáàmù á gbọ́. Nitin á lọ, èmi á lọ." Ó wúkọ́. "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó má sọ̀kalẹ̀ wá síbí."

Ó sọ̀kalẹ̀ wá.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ ni, lóṣù kẹrin. Wọ́n ti wọlé tán, aṣọ́gbà ti ti géètì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí kanlẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin arúgbó kan pẹ̀lú aṣọ opó, tó ń fi igi tẹ ilẹ̀ bọ̀. Mi ò rí i rí, àmọ́ imú Gajpal ló wà lójú ẹ̀.

"Ìwọ ni Bishambari?" ó ní. "Wọ́n ní ìwọ lo máa fi ilé ọ̀gá wọn hàn mí."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"Mi ò wá mu tíì. Wọ́n ṣèpàdé ẹbí lórí mi lánàá, lójú mi báyìí, bí ẹni tó ti kú. Wọ́n ní tí mo bá kú, ọmọ àbúrò ọkọ mi ló máa dáná sí òkú mi. Wọ́n ní ọmọ tí kò jókòó fún bàbá ẹ̀ ò lè fọwọ́ kan ìyá ẹ̀. Ọmọ mi! Ọmọ tí orúnkún ẹ̀ wú nítorí ìjókòó! Wọ́n ní ìwé kan ló wà níbí tó sọ bẹ́ẹ̀. Màá fa ìwé náà ya. Màá sọ fún ọ̀gá wọn pé ojú mi ni."

Ó ti gbéra. Mo di aṣọ ẹ̀ mú, mo fi ipá mú un jókòó, ẹ jọ̀ọ́, àgbàlagbà ni. Mo tẹnu bọ̀ ọ́ létí, mo sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀. Ti Nitin. Ti lẹ́tà. Ti ọdún kẹfà. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ wà nínú ilé yẹn báyìí, ó ń kọ ìwé, àti pé tí òun bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wọlé lọ gba kálámù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo mi orí.

Kò bú mi. Ó kọjú sí géètì náà.

"Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́?"

"Òun ni, Màmá. Nítorí ọmọ opó kan."

Ibi tá a wà nìyẹn tí géètì fi ṣí. Mádáàmù Kukreti ló jáde, ó ń wá tíì bó ṣe máa ń ṣe tí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ́gbà ń tẹ̀lé e. Ó rí aṣọ opó. Ó rí imú yẹn. Ó dúró.

"Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Bartwal?"

"Èmi ni."

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti oṣù tó kọjá," Mádáàmù ní. "Ó kọ ọ́ pé òun ò parí ìjókòó bàbá òun, pé òun ń wá sí kíláàsì. Mi ò gbà á gbọ́ tán. Ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ṣé ó jókòó àbí kò jókòó?"

Aṣọ́gbà súnmọ́ kó lè gbọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń mu tíì lórí bẹ́ǹṣì mi kọjú sí wa. Ìyá náà fi igi tẹ ilẹ̀, ó dìde, mo sì rò pé ó ti parí. Mo di tábìlì mú.

"Kò jókòó," ó ní. Ohùn ẹ̀ le. "Tó bá ti da omi sílẹ̀ fún òkú bàbá ẹ̀ láàárọ̀, á jáde. Mo ké títí. Ìwé ni wọ́n ń kà láyé ìsinsìnyí, Mádáàmù, wọn ò gbọ́ tiwa mọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí i?"

"Ta ni ìbá tún rí i? Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

Mádáàmù mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó gba tíì ẹ̀, ó wọlé. Aṣọ́gbà ò wọlé ní tiẹ̀. Ó ti yọ fóònù, ó ń pe abúlé.

Mo fẹ́ di ìyá náà mú, ó yẹ ọwọ́ mi.

"Má sọ fún un pé mo wá," ó ní. "Jẹ́ kó kọ ìwé ẹ̀ tán." Ó gbéra, ó kọjú sí òkè. Ó rìn díẹ̀, ó dúró láti mí, ó tún rìn. Mo ń wò ó títí ó fi yà níbi ìyànà. Mi ò ta tíì kankan mọ́ lówùúrọ̀ yẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n jáde. Nitin ló ṣáájú, ó ń fò. Gajpal tẹ̀lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí eyín ẹ̀ láti oṣù kìíní. Ó wó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo dáhùn gbogbo ẹ̀! Títí dé èyí tó kẹ́yìn!"

"O kú iṣẹ́," mo ní. Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí ìwé yẹn, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Tí èsì bá jáde, tí ìwé ẹ̀rí bá ti wà lọ́wọ́ èmi àti Nitin, tí Thapliyal bá ti fẹ̀yìn tì, màá pe gbogbo ẹbí jọ. Màá sọ òtítọ́. Ohun tí mo fi ń sùn lálẹ́ nìyẹn."

"Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́?"

"Èmi kọ́. Wọn ò ní gba tèmi. Àmọ́ ìyá mi wà." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Òun nìkan ló rí mi. Tí òun bá ti sọ ọ́, ta ló máa jiyàn?"

Aṣọ́gbà wà lẹ́nu géètì, ó ń wò wá, fóònù tún wà létí ẹ̀.

Mo bu tíì, mo gbé e sí Gajpal lọ́wọ́. "Mu ún," mo ní, "ó ń tutù lọ."